Ọ̀rọ̀-Ìṣe Látìn «Ferre» àti Àbùkù Àtẹ Inú Ìwé Gírámà

Nínú àwọn ìwé gírámà Látìn tí wọ́n fi èdè Faransé kọ fún ilé ìwé, apá ìkẹyìn orí tí ó dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe ni «ferre» sábà máa ń wà, láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìtẹ̀lé-òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí: ferō, ferre, tulī, lātum. Wọn a sọ fún un pé «porter» ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ a sì parí síbẹ̀. Àṣà yìí yẹ ní àtúnyẹ̀wò, nítorí pé ó sọ òfin di àìlófin, ó sì fi ìtumọ̀ sẹ́yìn.

Ìrísí rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ní àsìkò ìsinsìnyí, ferō, fers, fert, ferimus, fertis, ferunt ni. Bí a bá fi wọ́n wé regō, regis, regit, fáwẹ́lì «i» kúkúrú nìkan ni fers, fert àti fertis kò ní. Ferēbam àti feram kò yàtọ̀ rárá sí regēbam àti regam. Níbo wá ni àìlófin náà wà?

Wọn a ní ó wà nínú tulī àti lātum, bí ẹni pé gbòǹgbò mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ní. Méjì péré ni. Inú tetulī, tí ó ṣì wà nínú eré Plautus, ni tulī ti wá. Lātum sì wá láti inú tlātum, tí «t» ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti sọnù. Gbòǹgbò kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì, òun náà ni ó sì bí tollō, «gbé sókè». Ẹrù tí ó wà lọ́wọ́ ẹni, tí ìrìn sì ń bá a lọ, ni fer- ń tọ́ka sí. Nígbà tí ìṣe bá ti parí, gbòǹgbò kejì ni ó ń gbapò rẹ̀. Tollō tí ó yá ẹnì kejì láṣọ kò wá rí aṣọ bora mọ́, àfi ìgbà tí ó lo sustulī àti sublātum, tí wọ́n ní àfòmọ́ sub-. Ogún náà ṣì wà nínú Faransé: référer àti relation, conférer àti collation.

«Porter» nìkan kò sì tó fún ìtumọ̀ rẹ̀. Ferre ni gbé, mú wá, fara dà, so èso. Ferunt sì lè jẹ́ «wọ́n ní». Ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ béèrè irú ẹrù tí ó jẹ́. Bí ó bá wà lórí, rù ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ní ẹ̀yìn, pọ̀n ni. Àpótí kan, gbé. Àpótí mẹ́wàá, kó. Látìn ń pààrọ̀ gbòǹgbò nítorí ìparí ìṣe. Yorùbá ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nítorí irú ẹrù àti iye rẹ̀.

Ohun tí ó kan olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nìyí. Bí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá to «mo gbé, o gbé, ó gbé, a gbé, ẹ gbé, wọ́n gbé» ní ìlà mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ti Látìn, gbé kò yí padà rárá. Arọ́pò-orúkọ tí àgbàlagbà ará Kétu tàbí Ṣabẹ ti mọ̀ láti orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n tún ń kọ́ ọ. Ohun tí ó nílò ni bí a ṣe ń kọ àwọn atọ́ka àsìkò tí ń bẹ lẹ́nu àwọn ará ìlú rẹ̀, àti ìgbà tí gbé yóò fi àyè sílẹ̀ fún kó. Àtẹ tí kò sọ èyí kò tíì kọ́ni ní èdè.