Ìwúlò Gírámà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Yorùbá

Gírámà, èyíinì ni ìlànà tí ọ̀rọ̀ fi ń tò tẹ̀lé ara wọn di gbólóhùn, ti wà lẹ́nu àwọn Ẹ̀gbá kí Samuel Ajayi Crowther tó tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1852. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí, ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ìtumọ̀ kún un, máa ń wà, yóò pe ìrẹsì Ọ̀fàdà ní “Ọ̀fàdà ìrẹsì”. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jù ni ohùn òkè tí ó ń so olùwà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, bí “ọmọ” ṣe ń di “ọmọ́” nínú “ọmọ́ lọ”. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn onímọ̀ bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe láti tú irú rẹ̀ palẹ̀.