Ọgbà Tí A Kò Tíì Rí Tán

Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ wa fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àròkọ mi pé: “O ti kọ nípa ibí yìí rí. Wá ibòmíràn.” Àkọlé tí wọ́n fún wa ni “Ibi Tí Mo Lọ Nígbà Ìsinmi”. Mo kọ nípa Ọgbà Agodi ní ìlú Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. N kò parọ́. Ibẹ̀ náà ni mo tún lọ. Láti ilé wa ní Yemẹtu, ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀, kò sì sí ọdún kan tí a kì í lọ bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi kò bí mi nínú, ṣùgbọ́n ó mú mi ronú. Bàbá mi náà sọ ohun tó jọ ọ́ nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lérí. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ ò tíì rí ibẹ̀ tán ni?” Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Kí là ń pè ní rírí ibì kan tán? Kí ló sì yẹ kí a fi díwọ̀n ibi ìgbafẹ́, kí a tó sọ pé ó dára tàbí pé kò dára?

Ìwé kan wà tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Noo Saro-Wiwa, ọmọ Ken Saro-Wiwa, tí wọ́n bí ní Port Harcourt ṣùgbọ́n tí ó dàgbà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ìrìn-àjò kan tí ó jáde ní ọdún 2012. Looking for Transwonderland ni àkọlé rẹ̀. Orúkọ ibi ìgbafẹ́ kan tí ó wà ní Ìbàdàn wa yìí ló fi sọ ọ́. Nígbà tí oǹkọ̀wé náà dé ibẹ̀, ibi tí ogbó ti dé bá ló ròyìn, tí èrò inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó mọ ìwé kọ, kò sì fi ohun tí ojú rẹ̀ rí bò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní tèmi, n kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tán. Àlejò máa ń rí ìpẹtà tí onílé ti fojú mọ́ra. Ó máa ń béèrè pé kí ló dé tí nǹkan fi rí báyìí, nígbà tí àwa ti gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yẹ kó rí.

Àmọ́ ohun kan wà tí ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan kò lè rí, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ni yóò wò: èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò lè mọ ohun tí ibẹ̀ ń ṣe fún àwọn tó ń padà wá.

Ìdíwọ̀n tèmi ni àlọ́. Ta ni kò mọ̀ pé Ìjàpá yóò kó sí wàhálà? Ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, alẹ́ kò ní lẹ́ kó má ní kí wọ́n tún un pa. Kì í ṣe òpin ìtàn ló ń dúró dè. Ibi tí òun náà yóò ti gbe orin ló ń retí, bí orin náà bá sì dé, ara rẹ̀ á yá gágá bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Àlọ́ tí ọmọdé kò bá ní kí a tún pa, kò dùn nìyẹn. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a ṣèdájọ́ ibi ìgbafẹ́. Ẹ má bi wá pé ṣé ó yà wá lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bi wá pé ṣé ó gbà á kí a tún lọ.

Ẹ wo àbúrò mi ọkùnrin. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a mú un lọ, ó gun àkàbà dé òkè ibi tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ sínú omi. Ó wo ìsàlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì gba orí àkàbà náà padà. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ní ìgbà kejì, ó jókòó lókè pẹ́ títí kó tó padà. Ní ìgbà kẹta, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A kàn rí i nínú omi ni, tí ó ń pariwo pé, “Ẹ̀yin ò rí mi! Ẹ̀yin ò rí mi!” Ó tún gùn ún lọ kí a lè rí i. Ká ní a lọ lẹ́ẹ̀kan péré ni, ìtàn ọmọ tó bẹ̀rù ni ìtàn rẹ̀ ìbá jẹ́ títí di òní.

Ẹ tún wo màmá àgbà, ìyá bàbá mi. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà yìí sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹranko àti igi ni àwọn èèyàn máa ń lọ wò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, omíyalé Ògùnpa dé. Ó pa èèyàn, ó wó ilé, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹranko inú ọgbà náà lọ. Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe, a sì tún un ṣí ní ọdún 2014. Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ ka èyí. Ṣùgbọ́n ní ìgbà méjì àkọ́kọ́ tí màmá àgbà bá wa lọ, abẹ́ igi kan ni wọ́n jókòó sí, wọn kò sọ ju “Ẹ má sún mọ́ omi” lọ. Mo rò pé ọgbà náà kò dùn mọ́ wọn ni. Ní ìgbà kẹta, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn mi ni bàbá rẹ wà tí mo fi gbé e wá wo ẹranko níbí. Lẹ́yìn omi yẹn, n kò wá mọ́. Ẹ̀rù bà mí láti wá wo ibi tí wọn kò sí mọ́.” Ìwé kò sọ ìyẹn fún mi. Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó láti mú un jáde lẹ́nu wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní ibi ìgbafẹ́ ló yẹ fún ìpadàlọ. Ẹ̀rọ tó ń yí èèyàn pòòyì máa ń dẹ́rù bani lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà kẹta ó ti di nǹkan yẹpẹrẹ. Igi, omi, ẹranko àti ibi tí àgbàlagbà lè jókòó sí ni kì í sú ni. Àwọn tó ń kọ́ ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ń da gbogbo owó lé ẹ̀rọ lórí, àlejò ni wọ́n ń kọ́ ọ fún, kì í ṣe àwa aládùúgbò.

Ìfojúmọ́ra náà sì léwu. Ní ibi ìgbafẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, bẹ́líìtì jáńgílófà kan ti já, okùn ni wọ́n fi dì í. Mo ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ìbátan wa kan tó wá kí wa láti ìlú mìíràn tó pariwo pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Èmi kò rí okùn náà mọ́. Ojú àlejò ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Owó tún wà ńbẹ̀: ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin kò kàn án. Bí ìjọba bá mọ̀ pé ìpadàlọ ló ń mú kí ọgbà wúlò, ó yẹ kó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò ní owó táṣẹ́rẹ́, ó kéré tán lọ́jọ́ kan nínú oṣù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi bírò pupa lé ọmọ tó padà síbi tó ti lọ rí. Ẹ bi í pé: “Kí lo rí lẹ́ẹ̀yìí tí o kò rí lọ́jọ́sí?” Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ gba máàkì rẹ̀. Ìbéèrè yẹn le ju “Wá ibòmíràn” lọ.

Ní ti bàbá mi, n kò bá wọn jiyàn. Mo kàn sọ ohun tí màmá àgbà sọ fún mi ni. Wọ́n dákẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn gan-an ló mú wa lọ. Màmá àgbà kò lè rìn jìnnà mọ́, wọn kò bá wa lọ. Nígbà tí a dé abẹ́ igi yẹn, bàbá mi dúró, wọ́n ń wò yíká.

“Níbo gan-an ni wọ́n ní ẹranko wà nígbà náà?”

Mo ní n kò mọ̀, àfi ká délé ká bi Màmá.

Bàbá mi ní, “Ká bi wọ́n. Tí a bá tún padà wá, a ó wá ibẹ̀.”