Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Àyẹ̀wò Ohun Tí À Ń Sọ Nígbà Tí A Bá Pe Ènìyàn ní Hípísítà

Àṣamọ̀

Pépà yìí yẹ orúkọ kan wò tí ó ti wọ ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, èyí ni hípísítà. Ohun tí a tẹnu mọ́ ni pé orúkọ yìí kì í ṣe àpèjúwe ìmúra lásán, ẹ̀sùn ni. Ó ń sọ pé ohun tí ẹnì kan fẹ́ràn kì í ṣe tirẹ̀, pé fáàrí ni ó fi ń ṣe. A fi orúkọ náà wé àwọn orúkọ àpèlé tí àwùjọ Yorùbá ti fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1880 títí di òní. Lẹ́yìn náà, a dábàá ohun tí olùkọ́ lè ṣe dípò kí ó máa sọ akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ tí kò jẹ́.

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wa gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀kan nínú wọn di irun dàdà. Ó fi ẹ̀rọ ayàwòrán àtijọ́ kọ́ ọrùn, ó sì gbé àpò kan kọ́ apá, tí wọ́n fi ògbólógbòó aṣọ òfì rán. Bí alábàáṣiṣẹ́ mi kan ṣe rí i, ó pariwo pé, "Ẹ wo hípísítà wa!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé àpò rẹ̀ sẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, mo béèrè ọ̀rọ̀ àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyá bàbá òun, ará Bùnú, ni ó hun aṣọ náà lórí irú òfì tí àwọn obìnrin máa ń gbé dúró ti ògiri ilé. Nígbà tí ìyá àgbà kú, kò sí ẹni tí ó fẹ́ aṣọ náà nínú ilé. Wọ́n ti fẹ́ fi nu ilẹ̀. Òun ni òun gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni a fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí láti àárọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A kò wo ilé ọmọ yìí rárá. Ìbéèrè tí pépà yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni à ń sọ gan-an nígbà tí a bá pe ènìyàn ní hípísítà, kí sì ni orúkọ náà ń bá wa fi pamọ́?

Òkè tí a so mọ́ ìtàn orúkọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ bá a mu. Òkè Patti ga ju mítà 400 lọ sí ìtẹ́jú òkun, ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀ sì ń wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ilé ìsinmi Lugard wà níbẹ̀. Ìtàn tí àwọn àlejò sì máa ń gbọ́ ni pé orí òkè yìí ni Flora Shaw ti wo odò nísàlẹ̀, tí ó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897, ni àbá orúkọ náà ti jáde. Ọdún 1902 ni obìnrin náà tó di aya Lugard.

Ibi yòówù kí orúkọ náà ti wá, àwa kọ́ ni a sọ ara wa. Ẹni tí ó wò wá láti òkèèrè ni ó sọ wá. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ pé orúkọ tí a fúnni láti ìta máa ń sọ ohun tí olùsọ rí, kì í sì í fi dandan jẹ́ ohun tí ó wà nínú ilé.

Ibi tí hípísítà ti wá

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú olórin jáàsì ní àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ náà hep tàbí hip túmọ̀ sí pé ẹnì kan mọ ohun tó ń lọ, pé kò sùn. Cab Calloway, olórin, tẹ ìwé atúmọ̀ kékeré kan jáde lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1938. Oríyìn ni orúkọ náà nígbà náà.

Kò pẹ́ tí ó fi yí padà. Anatole Broyard kọ àròkọ lámèyítọ́ lé hípísítà lórí ní 1948. Ní 1957, Norman Mailer kọ tirẹ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń gbé ìṣe àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù. Ibẹ̀ ni egbò náà wà: orúkọ ẹni tí ó mọ nǹkan wá di orúkọ ẹni tí ó mú ìmọ̀ ẹlòmíràn wọ̀. Nígbà tí orúkọ náà tún gbilẹ̀ ní Brooklyn ní nǹkan bí ọdún 2000, ó ti di orúkọ yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní owó díẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ohun àtijọ́ rà: kẹ̀kẹ́ àtijọ́, àwo orin àtijọ́, ẹ̀wù òṣìṣẹ́. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn mọ hípísítà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò ní, "Èmi nìyí."

David Dalby dábàá nígbà kan pé èdè Wolof ti Sẹ̀nẹ̀gà ni hip ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn la ojú. Àwọn onímọ̀ èdè mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì gbé àríyànjiyàn mi lé e. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kò ní ṣàì ta sí i, nítorí àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Láti ọ̀làjú dé alté

Ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀làjú. Peel (1978) fi hàn pé ọ̀làjú ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá fi ń ronú nípa ìdàgbàsókè: ẹni tí ó rìn, tí ó kàwé, tí ó ṣòwò, ojú rẹ̀ là, ìmọ̀ rẹ̀ sì ṣe ìlú lóore. Oríyìn ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un: "Ojú rẹ̀ ti là jù." Oríyìn di èébú. Ìyípadà tí ó gba hip ní ogún ọdún ní Amẹ́ríkà, "jù" kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é lẹ́nu wa.

Ìtàn wa kún fún irú àwọn ènìyàn tí a lè fi orúkọ yìí dán wò. Ní Èkó àtijọ́, wọ́n ń pe àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń wọ kóòtù ní òyìnbó dúdú. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà wá bọ́ kóòtù sílẹ̀. Orishatukeh Faduma, tí ó ń jẹ́ William Davies tẹ́lẹ̀, yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1887. David Brown Vincent di Mojọlá Àgbébí ní 1894. Àgbébí wọ aṣọ Yorùbá dé Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú alábàáṣiṣẹ́ mi wo Àgbébí. Ọ̀mọ̀wé ni, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, síbẹ̀ ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé aṣọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa tì wọ̀. Gbogbo àmì hípísítà ti pé sí i lára. Ẹni tí ó bá pè é bẹ́ẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kọjá. Kò ní rí i pé ọkùnrin yìí wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó dá dúró sílẹ̀ ní Èkó ní 1888, àti pé aṣọ náà jẹ́ apá kan ohun tí ó ń jà fún. Orúkọ tí kò lè fi ìyàtọ̀ sáàrin Àgbébí àti aláfẹ́ lásán kò wúlò fún lámèyítọ́.

Lítíréṣọ̀ wa náà mọ ọ̀nà yìí. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú Akéde Èkó láàrin 1929 sí 1930, ó fi orúkọ àpèlé mọ́ àkọlé gan-an. Ẹwà obìnrin náà ni ìlú fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Thomas ṣe ohun tí ẹlẹ́yà kì í ṣe: ó jẹ́ kí Ṣẹ̀gilọlá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀. Bí a tilẹ̀ rí i pé òǹkọ̀wé fẹ́ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ìwà, a ti gbọ́ ohùn ẹni tí ó ni orúkọ náà.

Ní àkókò tiwa, àwọn ọ̀dọ́ olórin bíi BOJ ti ẹgbẹ́ DRB LasGidi, Lady Donli àti Cruel Santino ni a mọ̀ mọ́ orúkọ alté, ìgékúrú alternative ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàtọ̀ kan wà níbí: àárín àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gan-an ni orúkọ náà ti jáde, wọ́n sì fi í ṣe ìnagijẹ ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé ẹnu àwọn ará ìta, ó tún di ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ọmọ tí ìmúra rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ mu.

Ẹ̀sùn tí kò ní ìdáhùn

Kí ló dé tí orúkọ yìí fi ń dunni? Ìdí ni pé kò sí bí a ṣe lè jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ẹni tí a pè ní hípísítà bá ní òun kọ́, a ó ní bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn. Bí ó bá gbà, a ó ní fáàrí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ó bá dákẹ́, ó ti gbà.

Orúkọ náà sì ń dáàbò bo ẹni tí ń pè é. Nígbà tí mo bá ní ìmúra tìrẹ jẹ́ àṣehàn, mo ti sọ láìsọ pé tèmi jẹ́ àdámọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé alábàáṣiṣẹ́ mi yìí wọ kóòtù, ó sì so táì, nínú oòrùn Lọ́kọ́ja. Àwa yòókù kò rí i bí ẹni pé ó múra, nítorí ìmúra olùkọ́ ti mọ́ wa lójú.

Òótọ́ tí ó wà nínú ẹ̀sùn náà

Kò ní dára kí n gbèjà kọjá àlà. Ẹ̀sùn náà ní òótọ́ tirẹ̀ nínú. Mailer kọ̀wé lórí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mú ìṣe aláwọ̀ dúdú láìmú ìyà wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlòmíràn lè fi iṣẹ́ ọwọ́ aláìní ṣe ọ̀ṣọ́, kí ẹni tí ó ṣe é má sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Bùnú tí ọmọ yìí ti wá jẹ́ àpẹẹrẹ. Nínú ìwé tí Elisha Renne kọ ní 1995 lórí aṣọ Bùnú, ó ṣàlàyé pé aṣọ pupa kan wà tí ó jẹ́ ti ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì àti ti eégún. Ká ní irú aṣọ yẹn ni ẹnì kan rà lọ́jà, tí ó gé e fi rán àpò nítorí pé pupa rẹ̀ dára, ará Bùnú ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè ni mo sọ. Ta ni ó hun ún? Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ta ni ó gba owó rẹ̀? Ìbéèrè wọ̀nyí ní ìdáhùn. Orúkọ náà ní tirẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdáhùn.

Nígbà tí orúkọ bá di ewu

Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a wo irun dàdà. Ọmọ tí ó bá ta irun wá láti ọ̀run, Dàdà ni à ń pè é; orúkọ àmútọ̀runwá ni, ó sì ní oríkì. Bí ọmọ ogún ọdún bá di irú irun kan náà, ọmọ ìta ni, tàbí ọmọ Yahoo.

Ìròyìn tí Amnesty International gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2020 ṣe àkọsílẹ̀ ó kéré tán ìṣẹ̀lẹ̀ 82 ti ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn láti ọwọ́ ikọ̀ SARS, láàrin oṣù kìíní 2017 sí oṣù karùn-ún 2020. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ọdún 18 sí 35 ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, irun dídì, fínfín ara àti kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ sì wà lára ohun tí a fi ń dá wọn dúró. Ìwọ́de wáyé, ìjọba sì tú ikọ̀ náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún náà. N kò sọ pé ẹ̀rín orí òkè àti ìbọn ojú pópó jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí mo sọ ni pé ọ̀nà ìwòye kan náà ni: a wo irun, a sọ orúkọ, a kò béèrè.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Ọ̀dọ̀ àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí gbé kalẹ̀ sí, nítorí bí a bá ṣe pe akẹ́kọ̀ọ́ wa ni òun náà yóò ṣe máa pe ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́la. Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí a fi àwọn orúkọ bíi ọ̀làjú, òyìnbó dúdú, alté àti hípísítà kún ẹ̀kọ́ orúkọ àti ìnagijẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ẹni tí ń sọni àti ìdí tí ó fi ń sọni. Èkejì, kí olùkọ́ béèrè ìtàn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀ tàbí gbé dání kí ó tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ìdáhùn bá fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ orísun ohun tí ó gbé, kí olùkọ́ rán an lọ wádìí. Iṣẹ́ ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe ìjìyà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìrìn àjò náà, mo ní kí ọmọ náà gbé àpò rẹ̀ wá sí kíláàsì, kí ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Alábàáṣiṣẹ́ mi wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tí ọmọ náà parí, òun ni ó kọ́kọ́ nawọ́ láti béèrè orúkọ ìyá àgbà náà.