Awò Ìgbà 525

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àdúgbò wa kan ní Abúlé Òkúta gbé tẹlisíkóòpù tuntun wá bá mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mi ò rí nǹkan kan. Àbí ojú mi ló ń ṣe mí?"

Ojú rẹ̀ kọ́. Awò yẹn ni.

Wọ́n kọ "525x" gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti dígí iwájú dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé jẹ́ mílímítà 700. Ẹ fi 4, ìyẹn ìwọ̀n lẹ́ǹsì tí à ń fojú sí, pín in: 175. Wọ́n tún fi lẹ́ǹsì mìíràn sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta: 525. Ìṣirò yẹn pé, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni. Dígí iwájú fẹ̀ ní mílímítà 60 péré, awò kì í sì í wúlò kọjá nǹkan bí ìlọ́po méjì iye yẹn, ìyẹn 120. Bí a bá kọjá ibẹ̀, ohun tí à ń wò yóò kàn ṣókùnkùn, yóò sì rí bàìbàì ni.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró tún wá tín-ín-rín bíi pákò. Ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, Júpítà ti sá lọ.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni dígí dúdú kékeré tí wọ́n ní ká fi wo oòrùn. Ibi tí à ń fojú sí ni wọ́n ń dè é mọ́, ibẹ̀ sì ni ooru ń kó jọ sí. Ó lè sán lójijì, kí ojú ọmọ fọ́. Mo gbà á, mo fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

A yọ lẹ́ǹsì 4, a fi 20 sí i: ìgbà 35 péré. A gbé awò lé orí fẹ́ǹsì, a fi aṣọ tì í. Òṣùpá mẹ́rin Júpítà tò sílẹ̀, àwọn tí Galileo fi awò bí ìgbà 20 rí ní January 1610. Ọmọ náà figbe ta.

Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti gbé tiwọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n rò pé àwọn ni ò mọ̀ ọ́n wò? Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà pé: "Báwo ni dígí iwájú ṣe fẹ̀ tó?" Bí kò bá mọ̀, ẹ fi owó yẹn ra awò olójú méjì, 7x50 tàbí 10x50.