Ojú Tó Ń Ka Àwòrán Ọpọlọ

Tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu àgbàlagbà kan ní Ìdànrè, ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ dí ni, tàbí ó bẹ́. Bákan náà ni ẹnu ṣe ń wọ́, bákan náà ni apá ṣe ń rọ. Àwòrán ọpọlọ ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tí wọ́n sábà máa ń fúnni láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, lè pa ẹni tí iṣan tirẹ̀ bẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà máa ń funfun báláú nínú àwòrán. Níbi ti iṣan tó dí gan-an niṣẹ́ wà: ní wákàtí àkọ́kọ́, ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ojú tó ti kọ́ṣẹ́ ló ń rí i pé ààlà tó wà láàárín apá eléérú àti apá funfun ti ń pòórá. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà Calgary ní Kánádà gbé òṣùwọ̀n ASPECTS jáde: máàkì 10 fún agbègbè 10 tí iṣan ńlá kan ń bọ́, a ó sì yọ ọ̀kan fún ibi kọ̀ọ̀kan tó bá ti bàjẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dókítà lè wo àwòrán, kó fún un ní máàkì, kó wá fi wé ti àwọn ọ̀gá. Mo mọyì èyí púpọ̀: ẹni tó wà ní Ìdànrè lè ṣi àwòrán kà níbẹ̀, kó tún un kà, láìṣe aláìsàn kankan ní jàǹbá.

Irú àwòrán yìí ni ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn léwájú, fi dá rọpárọsẹ̀ mọ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà. Àbájáde ọdún 2018 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú nínú ohun tó ń fà á. Àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé náà wà níbẹ̀.