Ojú Àlejò nínú Ìpolówó Apanilẹ́rìn-ín àti Sinimá Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì

Ìpolówó ọjà kì í ṣe ohun àjèjì láàrin àwọn Yorùbá. Kí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tó dé ni ẹlẹ́kọ, onímọ́ínmọ́ín àti alágbo ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti rẹ́rìn-ín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àpò owó rẹ̀ ná. Nítorí náà, nígbà tí àwọn apolówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi àwàdà ta ọjà, ọgbọ́n àtijọ́ ni wọ́n wọ aṣọ tuntun fún. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú iṣẹ́ wọn ni èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ sinimá àròsọ onísáyẹ́ǹsì, ìyẹn sinimá tí ó ń sọ ìtàn àwọn ará ayé mìíràn, ọkọ̀ òfúrufú àti ìgbà tí kò tí ì dé.

Kò sí ẹni tí kò ní èyí tí ó wù ú jù nínú irú àwọn iṣẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sọ pé nǹkan dùn mọ́ òun kò tí ì di lámèyítọ́. Ìbéèrè méjì ni lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn: ta ni a ń fi rẹ́rìn-ín, kí sì ni ẹ̀rín náà ń ṣe fún ẹni tí ó ń rín in? Iṣẹ́ mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ olùwòran fẹ́ràn ni a ó fi ìbéèrè yìí wò, ìpolówó méjì àti sinimá méjì. Ọgbọ́n kan náà ni ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: wọ́n mú àlejò wọ inú ayé tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ti mọ̀, wọ́n sì ní kí olùwòran fi ojú àlejò náà wo ayé ọ̀hún. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, òwe náà yí padà. Onílé ni kò ríran; àlejò ni ó ń là á lójú.

Àwọn Ará Mars àti Ọ̀dùnkún

Láàrin ọdún 1970 sí 1980 ni ìpolówó Smash gbilẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí ilé-iṣẹ́ Cadbury ti sọ di gbígbẹ ni Smash. Omi gbígbóná ni ènìyàn yóò dà sí i, oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ Boase Massimi Pollitt tí wọ́n ṣe ìpolówó náà kò fi ìyìn oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará Mars jọ sínú ọkọ̀ òfúrufú, irin ni ara wọn, ẹnu wọn sì tóbi. Ọ̀kan nínú wọn tí ó ti bẹ ayé wò ń jábọ̀ fún àwọn yòókù pé ńṣe ni àwọn ọmọ aráyé máa ń fi ọ̀bẹ bó ọ̀dùnkún, wọn a sì sè é fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ni wọn a wá fọ́ ọ túútúú. Ẹ̀rín da gbogbo wọn nù.

Ọnà méjì ni ó gbé ìpolówó yìí ró. Èkíní ni ìfohunpènìyàn, nítorí pé irin lásán ni a fún ní ẹ̀rín tí ó ju ti ènìyàn lọ. Èkejì ni ìjábọ̀ tí kò ní àbùmọ́. Ará Mars náà kò purọ́, kò sì fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti ń se ọ̀dùnkún gan-an ni ó sọ. Ojú tí ó fi wò ó ni ó sọ ọ́ di àwàdà. Ohùn wọn pàápàá kún un. Peter Hawkins, tí ó fọhùn fún wọn, wà lára àwọn tí wọ́n fọhùn fún Daleks, àwọn ọ̀tá tí wọ́n fara hàn nínú eré Doctor Who ní ọdún 1963. Ohùn tí ó ti ń da jìnnìjìnnì bo àwọn ọmọdé rí ni ó wá di ohùn yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni a ń fi rẹ́rìn-ín? Ẹni tí ó dúró nídìí iná, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ọ̀dùnkún fún àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Kò sí ará Mars kan tí ó tọ́ Smash wò kí ó sọ pé ó dùn. Ìtìjú ni ìpolówó náà fi ń ta ọjà. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Lóòótọ́, a kò lè sọ pé gbogbo ẹni tí ó ra Smash ni a tàn jẹ. Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ebi sì ń pa àwọn ọmọ rẹ̀, mọ iyì ìṣẹ́jú 20. Ìpolówó tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ì bá sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì bá tí pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Àwọn Ìnàkí Tí Wọ́n Ya Fọ́tò

Ọgbọ́n kan náà ni Franklin J. Schaffner lò nínú sinimá Planet of the Apes ní ọdún 1968, èyí tí wọ́n gbé ka ìwé tí Pierre Boulle, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ní ọdún 1963. Níhìn-ín, ọmọ aráyé ni àlejò. Taylor, tí Charlton Heston ṣe, bá ara rẹ̀ ní ayé kan tí àwọn ìnàkí ti ń jọba, tí àwọn ènìyàn kò sì lè sọ̀rọ̀. Àwọn ìnàkí ń fi ìbọn dọdẹ ènìyàn. Lẹ́yìn ìdẹ, wọ́n dúró ti òkú àwọn tí wọ́n pa, wọ́n sì ya fọ́tò.

Ìran fọ́tò yìí pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé ìṣesí àwọn ọdẹ afẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni àwọn ìnàkí ń ṣe láìkù síbì kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu olùwòran tí ó fi bá ara rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọdẹ. Ní ìparí, nígbà tí Taylor rí Ère Òmìnira ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti rì dé àyà sínú iyanrìn, ó yé e pé ayé tirẹ̀ gan-an ni òun wà, àti pé àwọn ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n bà á jẹ́. Ìtìjú ni sinimá yìí náà dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí páálí ọjà tí ó tẹ̀ lé e láti wẹ ìtìjú náà nù. Ìrònú nìkan ni ó kù. Iṣẹ́ tí ẹ̀fẹ̀ ń ṣe ní alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyí: a rẹ́rìn-ín oníwà ìbàjẹ́, oníwà ìbàjẹ́ sì wà láàrin àwọn tí ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọdé Nínú Agọ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen gbé ìpolówó tí wọ́n pè ní The Force jáde ní Amẹ́ríkà. Ọmọdé kan wọ aṣọ Darth Vader, ìkà inú sinimá Star Wars tí ó jáde ní ọdún 1977. Ó ń na ọwọ́ sí ajá, sí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti sí bèbí, kí agbára àìrí lè mú wọn mìra. Kò sí èyí tí ó mìra. Bàbá rẹ̀ gbé ọkọ̀ dé. Ọmọ náà sáré jáde, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ náà, ọkọ̀ sì dáhùn. Láti inú ilé ìdáná ni bàbá ti fi ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ tan án.

Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú ìtàn náà. Orin ogun tí John Williams kọ ni ó ń ròyìn. Àṣírí tí ọmọ kò mọ̀ ṣùgbọ́n tí olùwòran mọ̀ ni ó gbé àwàdà yìí ró. Ọmọdé jẹ́ àlejò nínú ayé àgbà, bàbá sì gbà fún àlejò rẹ̀ pé alágbára ni. A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbàgbé pé ìfẹ́ bàbá sí ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọkọ̀ rà. Ẹ̀rín náà mọ́. Ibi tí wọ́n darí rẹ̀ sí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Nígbà Tí Sinimá Di Ìsọ̀ Ọjà

Sinimá E.T. tí Steven Spielberg ṣe ní ọdún 1982 fi hàn pé ààlà tí ó wà láàrin sinimá àti ìpolówó kò nípọn. Súìtì ni Elliott fi tan àlejò náà wọ ilé. Ilé-iṣẹ́ Mars kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n lo M&M's; Hershey sì gbà kí wọ́n lo Reese's Pieces, ọjà Hershey sì tà. Orúkọ Mars tún ṣe kòńgẹ́: ẹni tí ń jẹ́ orúkọ ayé òkè ni kò gba àlejò òkè.

Ǹjẹ́ ọjà ba sinimá yìí jẹ́ bí? Rárá. Ìran kan tó fún ẹ̀rí. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ń wọ agọ̀ káàkiri àdúgbò, wọ́n da aṣọ funfun bo E.T., wọ́n sì mú un jáde. Ó rí ọmọ kan tí ó wọ agọ̀ Yoda, ẹ̀dá-ìtàn inú Star Wars, ó sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó rí ará ilé. Olùwòran rẹ́rìn-ín, àánú sì ṣe é nínú ẹ̀rín kan náà, nítorí pé àárò ilé ni ó ń ṣe àlejò. Súìtì kò lè dá irú ìran yìí sílẹ̀.

Àbájáde

Bí a bá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òṣùwọ̀n, ìpolówó Smash ni ó já fáfá jù nínú ìlò ọnà, òun náà sì ni ó ṣe àìdáa jù sí ẹni tí ó ń wò ó. The Force ṣe pẹ̀lẹ́. Sinimá méjèèjì ni ó borí, nítorí pé ẹ̀rín inú wọn dá olùwòran padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò darí rẹ̀ sí ìsọ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ lè lo irú iṣẹ́ kúkúrú báyìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí. Kí ó dárúkọ ọnà tí ó gbé ẹ̀rín ró. Kí ó sọ ẹni tí a fi rẹ́rìn-ín. Kí ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a fẹ́ kí olùwòran ṣe nígbà tí ẹ̀rín bá tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ti ṣàpèjúwe. Èyí tí ó bá dáhùn ẹ̀kẹrin ni ó ṣe lámèyítọ́.