Meshack Asare: Àwòrán tó ń sọ èdè ilé

Ọdún 1945 ni a bí Meshack Asare ní Gánà. Kumasi ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà. Láti orí Tawia Goes to Sea (1970) ni ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ìwé tí ó ń kọ fún àwọn ọmọdé.

Àṣà Asante, tí Kumasi jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni ìpìlẹ̀ The Brassman's Secret (1981), ìwé tí ó gba Ẹ̀bùn Noma ní 1982. Baba Kwajo inú ìtàn náà jẹ́ asúdẹ tí ń ṣe òṣùwọ̀n wúrà. Lọ́dọ̀ àwọn Akan, òṣùwọ̀n idẹ kì í ṣe ohun ìwọ̀n lásán. Òwe ni púpọ̀ nínú wọn dúró fún. Bí òwe bá jẹ́ ẹṣin ọ̀rọ̀, ère ni ẹṣin òwe níbẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni Asare gbé wọ inú ìwé: àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ó ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ọmọ Kumasi tí ń sọ Twi yóò bá òwe baba ńlá rẹ̀ pàdé lédè àjèjì. Àwòrán nìkan ni yóò bá a sọ èdè ilé. Ó yẹ, nígbà náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi èdè abínibí wọn ròyìn àwòrán náà, kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Bí a bá fo ìyẹn, ìdajì ìwé ni a kà.